Bìńgò tó ń gbaná jẹ, àti ajá tó wà lọ́kàn yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Bìńgò wa ti pé ọdún mẹ́ta, akọ ni, àdàlù Alsatian àti èkukè, ó tó kílò 28. Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni nígbà tí a rà á. Inú kéèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ló ń wà lọ́sàn-án, aago mẹ́wàá alẹ́ la máa ń tú u sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń gbó mọ́. Tí mo bá mú un jáde láàárọ̀, ọ̀kadà àti ajá ẹlòmíì ló máa ń fò mọ́, ọwọ́ mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ. Lóṣù tó kọjá, ó fa ṣòkòtò ẹni tó gbé gáàsì wá ya. Bàbá àwọn ọmọ ní ká tà á. Èmi ń rò ó pé ká ra ọmọ Lhasa kan, ajá kékeré onírun gígùn yẹn, tì í, kó lè kọ́ sùúrù lára rẹ̀. Ajá tí mo fẹ́ kò le: kó sùn sẹ́nu ọ̀nà jẹ́jẹ́, kí àwọn ọmọ máa bá a ṣeré, kí àlejò wọlé láìsí wàhálà, kó máa tẹ̀ lé mi láìfa okùn, kó sì gbó tó bá rí olè nìkan. Ṣé irú ajá bẹ́ẹ̀ wà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bìńgò, mà. Irú ajá tí ẹ kà sílẹ̀ yìí wà, àfi ohun kan ṣoṣo nínú ẹ̀ tí ajá kankan kò ní. A óò padà débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ṣòkòtò, torí òun ló sún mọ́ ilé ìwòsàn jù.

Aṣọ ló ya lọ́tẹ̀ yìí. Tí eyín bá kan ara ènìyàn nígbà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kàn họ ọ́ ni, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí onítọ̀hún sì lọ gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe àgúnmu, kì í ṣe irun ajá tí wọ́n sun. Àrùn dìgbòlugi kì í gbóògùn mọ́ tó bá ti fara hàn lára ènìyàn. Nítorí náà ẹ wá káàdì abẹ́rẹ́ Bìńgò jáde: oṣù mẹ́ta ni ajá ti ń gba àkọ́kọ́, a sì máa ń tún un gbà lọ́dọọdún. Tí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nínú ìlú yín níbẹ̀. Láti òní lọ, kí ìdènà méjì máa wà láàárín Bìńgò àti àlejò: kéèjì tí ẹ fi àgádágodo tì, àti ilẹ̀kùn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ìdènà tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ọmọdé á gbàgbé láti tì í lọ́jọ́ kan.

Ní ti ohun tó ń ṣe é, àwọn aládùúgbò á ti máa pè é ní ajá burúkú. Agbanájẹ ni, ìyẹn sì yàtọ̀. Ẹ̀rù ló sábà máa ń wà nídìí irú ariwo bẹ́ẹ̀: ajá fẹ́ kí nǹkan náà jìnnà sí òun, ó sì ti rí i pé gbígbó ń mú un jìnnà. Ẹ wo géètì yín. Ọ̀kadà ń bọ̀, Bìńgò gbó, ọ̀kadà kọjá lọ. Ẹ̀yin mọ̀ pé ọlọ́kadà ń lọ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ni. Bìńgò kò mọ̀. Lójú tirẹ̀, òun ló lé e. Ẹ ka iye ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ fi ọdún mẹ́ta gbé e: kò sí ilé ìwé tó lè kọ́ ajá níṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kéèjì yẹn sì ń dá kún un. Ó ń rí gbogbo ayé, kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, kò sì ríbi sá sí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ẹ rà á náà wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló yẹ kí ọmọ ajá lò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ bí, níbi tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi eyín bá ara wọn ṣeré láìdá egbò sí ara. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ojú rẹ̀ máa ń gba ohun tuntun. Ohun tó bá rí nígbà náà tí kò pa á lára á di ara ilé fún un. Ohun tí kò bá rí á di àjèjì tó ń fura sí. Ìdí nìyí tí èkukè tí wọ́n bí sẹ́yìn ilé ìdáná, tí ọmọdé ń gbé kiri, tí ìyá ẹlẹ́kọ ń lé kúrò nídìí ìkòkò, fi lè dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí mọ́tò máa rọ́ kọjá kó má gbé orí sókè. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ayé ti kún ojú rẹ̀ láti kékeré ni.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kankan, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko fọwọ́ kan gbogbo ara rẹ̀. Etí tó ń kẹ̀, eyín tó ti jẹrà, àìsàn tí eégbọn kó ràn án, àti eegun ìbàdí tí kò jókòó dáadáa, èyí tó wọ́pọ̀ lára Alsatian, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó láti sọ ajá di oníbìínú. Ẹ má fún un ní oògùn ara ríro tí ènìyàn ń lò. Ibuprofen lè ba inú àti kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé kéèjì kúrò nídìí géètì. Tó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ máa ṣe nínú ìdáhùn yìí, òun ni kí ẹ ṣe. Ẹ gbé e sẹ́yìn ilé, lábẹ́ ibòji. Tí kò bá sáyè, ẹ fi tapólì tàbí pákó bo ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọ̀nà, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Gbígbó tí kò rí àyè ṣe lójoojúmọ́ máa ń rọ̀. Oúnjẹ rẹ̀ náà, ẹ fọ́n ìdajì sórí koríko kó máa fi imú wá a kiri. Òórùn gbígbọ́ ìṣẹ́jú 15 máa ń mú kí ara rẹ̀ wálẹ̀. Ọjọ́ tó bá sì ti gbaná jẹ, ẹ jẹ́ kó sinmi lọ́jọ́ kejì, kó má jáde. Ara rẹ̀ kì í tètè balẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì máa ń gorí òmíràn: jẹnẹrétọ̀ tó dún mọ́jú, àlejò láàárọ̀, bángà àwọn ọmọ nínú oṣù Ọ̀pẹ, tó bá wá di pé adìẹ lásán kọjá, á gbó bí ẹni pé ogun dé.

Ohun èlò mẹ́ta lẹ nílò. Okùn aláṣọ tó gùn tó mítà méjì, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, kì í sì í ṣe èyí tó ń nà jáde tó ń ká wọlé fúnra rẹ̀. Bẹ́líìtì àyà tó ní òrùka níwájú: tó bá fò, agbára ara rẹ̀ á yí i padà sọ́dọ̀ yín, ọwọ́ yín kò ní yẹ. Ẹ̀kẹta ni ìbonu, èyí tó rí bí agbọ̀n, tí ajá lè ya ẹnu nínú rẹ̀, kó mí hẹlẹhẹlẹ, kó mu omi. Èyí tí wọ́n fi aṣọ rán tó fún ẹnu pọ̀ kò dára fún ìrìn nínú ooru, torí ẹnu yíyà ni ajá fi ń mú ara rẹ̀ tutù. Ẹ má kàn fi ìbonu bọ̀ ọ́ lẹ́nu tipátipá. Ẹ fi ẹran sísàlẹ̀ rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ ki imú bọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́. Ọjọ́ karùn-ún ni kí ẹ tó so ó, fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí á fi di ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó wá kan ẹ̀kọ́ gan-an. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ kò ju pé kí ohun tó ń bà á lẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹran wá. Ṣùgbọ́n ẹran kò ní ṣiṣẹ́ tí ẹ bá sún mọ́ jù. Ó dà bí ẹ̀kọ lórí iná: ìgbà tó ṣì ń ru bọ̀ lẹ lè ṣí ọmọrí. Tó bá ti dà, ilẹ̀ ló kù tí ẹ máa nù. Ajá tó ti ń gbó, tó ti na gbogbo ara síwájú, etí rẹ̀ ti di. Ẹ lè pe orúkọ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nítorí náà ẹ wá pápá tó gbòòrò tí ẹ ti lè máa wo ọ̀nà lókèèrè, ní aago mẹ́fà àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mítà 40. Tó bá rí ọ̀kadà níbẹ̀ tó sì ṣì lè jẹ ẹran lọ́wọ́ yín wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ ni ìdúró yín. Tó bá ń já ẹran gbà bí ẹni fẹ́ gé ìka yín, ẹ ti sún mọ́ jù. Tó bá kọ ẹran, ẹ ti sún mọ́ jù pátápátá.

Ẹran náà: ìdajì àyà adìẹ, ẹ bọ̀ ọ́ láìfi iyọ̀, láìfi ata, láìfi Maggi, pàápàá láìfi àlùbọ́sà, torí májèlé ni fún ajá. Ẹ gé e sí bíńtín bí hóró ẹ̀wà, á tó ọgọ́ta. Ìyẹn tó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ má sì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀ẹ̀kan.

Ọ̀kadà yọ ní kọ́nà. Etí Bìńgò gbé sókè, ó wò ó. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ ka ení, èjì. Ẹran kan bọ́ sẹ́nu rẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀kadà á fi wọlẹ̀. Ọ̀kadà lọ, ẹran tán. Ọwọ́ yín padà sí ẹ̀gbẹ́. Ètò yẹn kò gbọdọ̀ yí: kó rí i ná, kí ẹran tó dé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà níbí: èèyàn á ti gbúròó ọ̀kadà, á ti ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, ọ̀rá á dún pàà, ẹran á dé, ọ̀kadà á wá yọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ohùn ọ̀rá ni á máa sọ fún ajá pé ewu ń bọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹran fúnra rẹ̀. Ẹ lo àpò aláṣọ tí kì í dún.

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, iye mítà, ohun tó rí, bó ṣe ṣe. Lọ́jọ́ kan, á rí ọ̀kadà, á yíjú padà wò yín pé ẹran òun dà. Ẹ fi nǹkan sàmì sí ọjọ́ náà. Tó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ fi mítà méjì tàbí mẹ́ta sún mọ́ ọn. Tó bá gbó lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ẹ padà sẹ́yìn ní mítà márùn-ún, ẹ má jiyàn. Ọ̀kadà ṣeé pín sí wẹ́wẹ́ ju ajá lọ: ẹ lè bẹ ọlọ́kadà àdúgbò kó kọ́kọ́ dúró sójú kan, lọ́jọ́ mìíràn kó máa tì í lọ láìtan iná sí i, kó tó wá di pé ẹ́ńjìnnì ń dún lókèèrè. Ajá ẹlòmíì, ẹ fi í sígbẹ̀yìn.

Nínú ilé, ẹ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan fún ìgbà tí ọ̀nà bá há: "Ó yá, padà!" Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn ọ̀yàyà, ẹ yí padà, ẹ fún un lẹ́ran bó bá ṣe ń yí tẹ̀ lé yín, ogún ìgbà lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó gbé e jáde. Ọjọ́ tí ajá aládùúgbò bá já lójijì ní kọ́nà, òun ló máa yọ yín. Tí ẹ bá fi ìbẹ̀rù pè é, á mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ẹnìkan á sọ fún yín pé kí ẹ fi bẹ́líìtì nà án. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rí ajá mìíràn, ìyà dé: ohun tó máa kọ́ ni pé tí ajá bá yọ, ara òun á ta òun. Ohun tó sì léwu jù ni kí ẹ jẹ ẹ́ níyà nítorí pé ó ń kùn. Kíkùn ni ìkìlọ̀ rẹ̀. Ajá tí wọ́n ti nà títí tí kò kùn mọ́, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, agogo rẹ̀ ni wọ́n yọ. Ìgbà tó bá yá, á kàn gé ènìyàn jẹ ni. Wọ́n á tún ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ó lè dín rírìn gbéregbère kù, àmọ́ kì í yọ ẹ̀rù. Tí oṣù méjì tàbí mẹ́ta bá kọjá tí ìwé yín kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn, ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà ẹranko. Oògùn bíi fluoxetine wà tó máa ń dín ìpayà kù, tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ kó tó fara hàn, ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n sì máa ń lò ó pẹ̀lú.

Ti àlejò yára: Bìńgò á ti wà lẹ́yìn ilé kí géètì tó ṣí, pẹ̀lú ohun tó máa jẹ lẹ́nu, kì í ṣe eegun tí wọ́n ti sè, torí ó máa ń fọ́ bí abẹ́rẹ́. Àlejò tó bá ní "ajá fẹ́ràn mi, ẹ jẹ́ n fọwọ́ pa á lórí", ẹ fún un ní àga àti omi.

Ó wá ku ajá tó wà lọ́kàn yín. Èyí tí kò sí ni "kó gbó tó bá rí olè nìkan". Ajá kò mọ olè. Ohun tó mọ̀ ni ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí rí àti ẹni tí kò rí rí, ohun tó bá àsìkò mu àti èyí tí kò bá a mu. Ajá tó ti rí oríṣiríṣi ènìyàn lọ́sàn-án ló máa ń mọ̀ pé ẹni tó ń gun fẹ́ǹsì láago mẹ́ta òru ṣàjèjì. Èyí tó ń gbó mọ́ gbogbo ayé, ta ló máa jí lóru ọjọ́ tí olè bá dé? Ẹ̀yin gan-an á yíra padà lórí ibùsùn pé, "Bìńgò tún ti bẹ̀rẹ̀."

Àwọn yòókù tí ẹ kà, oorun ẹnu ọ̀nà, eré pẹ̀lú ọmọdé, àlejò, okùn tí kò fà, kò sí èyí tó ń tọ́jà wá nínú wọn. Inú ọ̀sẹ̀ 14 àkọ́kọ́ yẹn ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Lhasa sì kọ́ ni ìdáhùn. Ìlú Tibet ni wọ́n ti mú ẹ̀yà náà jáde, inú ilé àti ilé àwọn mọ́ńkì ló ti ń ṣọ́nà, kó lè ta onílé lólobó tí àjèjì bá wọlé. Iṣẹ́ ìfura ni wọ́n bí i fún. Irun rẹ̀ gùn, ooru ń mú un, bẹ́ẹ̀ ni kò wúwo tó ìdá mẹ́ta Bìńgò. Ìjà ẹ̀ẹ̀kan lè pa á. Ọmọ ajá kì í kọ́ àgbà ní sùúrù. Àgbà ló ń kọ́ ọmọ ní gbígbó, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ óò ní méjì.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ èkejì, ẹ dúró títí Bìńgò á fi lè kọjá lára ajá ní mítà márùn-ún sí mẹ́fà láìgbó, fún oṣù kan gbáko. Èyí tí ẹ máa mú, ẹ jẹ́ kó jẹ́ abo tó ti lé ní ọdún méjì, tí ìwà rẹ̀ ti hàn. Èkukè tó dàgbà láàárín ènìyàn dára púpọ̀, ooru wa kò sì ṣàjèjì sí i. Tó bá jẹ́ ọmọ lẹ fẹ́ dandan, ẹ ní kí wọ́n mú ìyá rẹ̀ jáde kí ẹ rí i. Ìyá tó ń sá pamọ́ tàbí tó ń fò mọ́ yín, ẹ fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ náà: ẹ mú èyí tó ta gìrì tó sì padà wá gbóòórùn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kì í ṣe èyí tó wọ abẹ́ àga tí kò jáde mọ́. Kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó tó kúrò níbẹ̀. Títí abẹ́rẹ́ parvo rẹ̀, àrùn inú tó máa ń pa ọmọ ajá, á fi pé, ọwọ́ ni kí ẹ máa gbé e kiri: kó rí alágbádá, agboorun tó ń ṣí, arúgbó tó ń tẹ̀pá, ọ̀kadà, ọmọ tó ń sunkún, kó gbọ́ ìpè àdúrà àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ẹran díẹ̀ lẹ́nu.

Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì máa pàdé, kó má jẹ́ nínú ilé. Ojú ọ̀nà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ni kó jẹ́, ènìyàn méjì, okùn méjì, ìbonu lẹ́nu Bìńgò, kí wọ́n jọ máa rìn síbì kan náà pẹ̀lú àlàfo mítà mẹ́wàá, kí àlàfo náà máa dín kù bí ara bá ṣe ń rọ̀. Nínú ilé, abọ́ ọ̀tọ̀, ibùsùn ọ̀tọ̀, kí ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán.

Ní ti títà tí bàbá àwọn ọmọ wí: ẹni tó ń ra agbanájẹ ọlọ́dún mẹ́ta kò ju méjì lọ, ẹni tó máa tún sé e mọ́ kéèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tirẹ̀, àti ẹni tó ti gbé omi kaná. Tó bá di dandan kó kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ sọ ohun tó ṣe fún ẹni tó máa gbà á, kí ẹ má fi bò. Ẹni tó gbé gáàsì wá yẹn náà, ẹ fi owó ṣòkòtò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i kí gáàsì tó tán.